Obìnrin Tí Ó Bi Mí Bóyá Kí A Ti Ilẹ̀kùn

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ohùn obìnrin náà lórí fóònù, mo jó nínú yàrá àwa olùkọ́. Mi ò mi orí lásán o, mi ò sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọlúàbí. Mo bọ́ bàtà mi sílẹ̀ lábẹ́ tábìlì, mo dìde, mo jó yí àwọn àga po. Olùkọ́ ìṣirò tó ń máàkì iṣẹ́ lọ́wọ́ gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wò mí.

"Mà, ṣé wọ́n ti fi yín ṣe ọ̀gá ilé-ìwé ni?"

"Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ!"

"Àbí físà ti jáde?"

"Físà kọ́. Mo ti rí ẹni tó máa tọ́jú mi!"

Ó wo orí mi, ó wo ẹsẹ̀ mi, kò rí ibi tí àìsàn wà. Mi ò bá a wí. Kò sí ẹni tó ń rí i. Ohun tó ń ṣe mí kì í ṣe ohun tí a lè fi báńdéèjì wé.

Báyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé gírámà kan ní Lálúpọn. Ìrókò ni wọ́n bí mi sí, nínú agbo ilé àwọn àgbẹ̀ tó jẹ́ mùsùlùmí. Onígbàgbọ́ ni ọkọ mi, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan nígboro Ìbàdàn, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú irúgbìn ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Ilé wa kò jìnnà sí ibi tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí, òórùn rẹ̀ ló sì máa ń jí wa láàárọ̀. Kò sí ohun tó ń dààmú wa ju ohun tó ń dààmú gbogbo ènìyàn lọ, àfìgbà tí ọkọ̀ dànù pẹ̀lú mi.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwa olùkọ́ kan ló gbé mi lọ sí Ifẹ̀. Nígbà tí à ń bọ̀, òjò ń rọ̀, awakọ̀ wa sì ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Adégbayì nígbà tí ọkọ̀ yọ̀ nínú omi, ó yí bírí, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú kòtò. Ẹ̀gbẹ́ tí ilẹ̀kùn wà gan-an ló fi lélẹ̀. Gbogbo wa wó lu ara wa. Ẹsẹ̀ bàbá àgbàlagbà kan wà láyà mi, àpò ìrẹsì ẹnì kan wà lórí ẹsẹ̀ mi, òórùn bẹntiróòlù sì gba inú ọkọ̀ kan. Ẹnì kan ń pe Jésù, èmi ń ka kálímà, ẹlòmíràn ń pariwo pé, "Ẹ ṣílẹ̀kùn! Ẹ ṣílẹ̀kùn!" Bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn náà wà nísàlẹ̀ wa, ilẹ̀ ló dì í mú.

Àwọn àgbẹ̀ tó ń sá fún òjò lábẹ́ igi ló gbà wá. Wọ́n fi ẹ̀yìn ọkọ́ fọ́ gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n sì ń fà wá jáde lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wa iṣu lébè. Ẹnì kan ṣẹ́ lápá. Ìgúnpá mi kàn bó ni. Kò sí ẹni tó kú.

Ìyẹn gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ mi le. Bí ẹnì kan bá kú ni, àwọn ènìyàn ì bá gbà fún mi kí n ba ojú jẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ní, "Ẹ kú ewu. Ewu iná kì í pa àwòdì. Ẹ sáà máa dúpẹ́." Mo sì dúpẹ́. A ṣe sàráà ní Ìrókò, a ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ọkọ mi, mo sì ṣe àmín níbi méjèèjì. Ṣùgbọ́n ara mi kò tíì gbọ́ pé wọ́n ti yọ mí jáde.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tún wọ bọ́ọ̀sì, nígbà tí kọ̀ńdọ́ gbá ilẹ̀kùn pa, gbàgà! ńṣe ni àyà mi fún pọ̀ bí aṣọ tí wọ́n ń fún omi rẹ̀. Ìka mi kú, òógùn bò mí, mo sì pariwo débi pé àwọn ará gáréèjì rò pé wọ́n jà mí lólè. Láti ọjọ́ náà, ọ̀kadà ni mò ń gùn. Ọ̀kadà kò ní ilẹ̀kùn. Ní òjò, ní ọyẹ́, láti Lálúpọn dé ibikíbi tó bá yá, ẹ̀yìn ọ̀kadà ni ẹ ó ti bá mi, mo di àpò mi mọ́ àyà, eruku kún ojú mi.

Ọkọ mi ní mọ́tò àtijọ́ kan. Torí tèmi, ó fi okùn so ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ mi kó má baà padé pátápátá, kó má sì ṣí gbayawu. Báyìí la ṣe ń lọ sí ìsìn àti ìsọmọlórúkọ. Lọ́jọ́ kan, ọlọ́pàá kan dá wa dúró, ó yẹjú wo okùn náà, ó wo ojú mi.

"Ìyá, ẹ má bẹ̀rù, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé ọkùnrin yìí jí yín gbé ni?"

Ọkọ mi ní, "Ọ̀gá, bí mo bá jí i gbé, ṣé mo máa ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún un ni?"

A rẹ́rìn-ín títí a fi délé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, mo wọ yàrá lọ, mo sunkún. Ó ti rẹ̀ mí.

Mo wá ìrànlọ́wọ́ o. Ààfáà wa ní Ìrókò ṣàdúrà fún mi, pásítọ̀ ọkọ mi náà ṣe. Mo jẹ àǹfààní rẹ̀, torí oorun mi dára díẹ̀ sí i. Àwọn méjèèjì ní kí n má bẹ̀rù. Mo mọ̀ pé kò sí ohun tó yẹ kó máa bà mí lẹ́rù. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, mo mọ̀ ọ́n. Mímọ̀ kò tú okùn ara ilẹ̀kùn mọ́tò wa.

Lẹ́yìn náà ni mo lọ sí ilé ìwòsàn kan nígboro. Mo ní dókítà ọkàn ni mo wá rí. Nọ́ọ̀sì nawọ́ sí àwọn àga kan, ó ní kí n jókòó. Mo bá ara mi láàárín àwọn àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n ń fi iyọ̀ tí wọ́n ti jáwọ́ nínú rẹ̀ yangàn fún ara wọn. Nígbà tó kàn mí, wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀, wọ́n lẹ nǹkan tútù mọ́ àyà mi pẹ̀lú wáyà, ẹ̀rọ sì ń fa ìlà sókè sódò lórí bébà. Dókítà ọ̀dọ́mọkùnrin kan wò ó, inú rẹ̀ dùn.

"Mà, ọkàn yín ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó ń lù bí ti ọmọge."

"Ẹ ṣé, dókítà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ló ń bà mí lẹ́rù."

Ó wò mí títí. Ó ní kí n dín iyọ̀ kù.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún ọkọ mi, ẹ̀rín pa á títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, èmi náà sì bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tó sinmi, ó ní, "Tíṣà, ẹni tó mọ̀ ọ́n wà níbì kan. A ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni."

Ẹni tó là wá lójú ni ọmọbìnrin kan tí mo ti kọ́ rí, tó ti di nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ. Ó wá kí mi nílé nígbà ọdún Iléyá. Ó ṣàkíyèsí pé gbogbo ilẹ̀kùn wa ló wà ní ṣíṣí, àní títí kan ti ilé ìwẹ̀ tí a kàn ta kọ́tìnì sí. Ó bi mí, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti dókítà ọkàn pẹ̀lú. Kò rẹ́rìn-ín.

"Mà, ọkàn tó ń lù nínú àyà ni wọ́n rò pé ẹ̀ ń sọ. Ọkàn tó ń rò, tó ń bẹ̀rù, òun ló ń dùn yín."

"Ta ló wá ń tọ́jú ìyẹn?"

"Wọ́n wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ò dọ́gba. Ẹlòmíràn á kàn gbà yín nímọ̀ràn, á ní kí ẹ mọ́kàn le. Ẹni tó kọ́ nípa tírọ́mà ni kí ẹ wá, ìyẹn ìpayà tó wọlé sára tí kò mọ ọ̀nà àbájáde. Àwọn kan wà nínú wọn tó tún kọ́ bí a ṣe ń bá oríṣiríṣi apá inú ènìyàn sọ̀rọ̀, torí inú ènìyàn kì í ṣe yàrá kan ṣoṣo. Ẹ bi wọ́n níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹ má tijú."

"Ṣé kò ní dà bí ẹni ń fín wọn níràn?"

"Mà, tí ẹ bá fẹ́ ra gàrí, ṣé ẹ kì í tọ́ ọ wò?"

Inú mi dùn débi pé mo bu ẹran Iléyá lé ti tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe pé mo ti rí ìwòsàn, ṣùgbọ́n mo ti mọ orúkọ ohun tí mò ń wá. Ẹni tí kò mọ orúkọ ohun tó fẹ́ rà, kí ló máa sọ fún ẹni tó ń tà á?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù. Ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ gbé e, ohùn rẹ̀ rinlẹ̀ bí ti oníwàásù. Mo bi í bóyá ó ń tọ́jú ìpayà.

"Gbogbo rẹ̀ là ń ṣe! Ìpayà, àìróorunsùn, ìjà tọkọtaya, ọmọ tí kì í fẹ́ kàwé!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, níbo lẹ ti kọ́ ti ìpayà?"

"Ìyá, ayé ló kọ́ mi."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo pa fóònù. Ẹnì kejì jẹ́ obìnrin, ohùn rẹ̀ tutù. Ó fetí sílẹ̀ títí mo fi parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Mi ò kọ́ irú èyí tí ẹ̀ ń wá yìí, mi ò sì ní fi ara yín kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n dunjú." Mo bi í níbi tí ẹni náà wà. Ó ní Adégbayì.

Mo gbé fóònù kúrò létí, mo wò ó. Nínú gbogbo ìlú tó wà lábẹ́ ọ̀run! Ṣùgbọ́n mo gba nọ́ńbà náà, ní àkókò ìsinmi àwọn ọmọ lọ́jọ́ kejì, mo sì pè é nínú yàrá àwa olùkọ́.

"Ẹ káàsán, mà. Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè díẹ̀ kí n tó sọ tèmi."

"Ẹ bi mí o. Inú mi dùn pé ẹ fẹ́ bèèrè."

Ó sọ ibi tó ti kọ́ iṣẹ́ ìpayà, ó sọ ẹni tó kọ́ ọ ní ti apá inú ènìyàn, ó ní òun ṣì ní ọ̀gá kan tí òun máa ń gbé iṣẹ́ òun lọ bá kó lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní òun kì í fúnni lóògùn. Bó bá gba oògùn, òun á darí mi sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní bí ọwọ́ òun kò bá bá mi lára mu, kí n sọ ọ́ gbangba, òun ò ní bínú.

"Ṣé ẹ máa ní kí n sọ bí ọkọ̀ ṣe dànù lọ́jọ́ àkọ́kọ́?"

"Rárá o. A ò tíì mọra. Ara yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé kò sí ewu lọ́dọ̀ mi." Ó tún ní, "Èmi náà ní ìbéèrè kan. Báwo lẹ ṣe máa dé ọ̀dọ̀ mi? Bí wíwọ ọkọ̀ bá jẹ́ ìyọnu fún yín, ẹ jẹ́ ká jọ rò ó."

Kò sí ẹni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀ ni mo bọ́ bàtà, tí ijó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀kadà ló gbé mi lọ, a gba ọ̀nà inú oko. Yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́, ó ní fèrèsé ńlá, àga méjì àti ẹní. Obìnrin kúkúrú ni, irun rẹ̀ ti ń funfun, ó wọ bùbá àǹkárá tó ti ṣá. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ní, "Ṣé kí a ti ilẹ̀kùn yìí ni, àbí kí ó wà ní ṣíṣí?"

"Ṣé mo lè ní kí ó wà ní ṣíṣí?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ín lónìí. Ẹ tún lè gbé àga yín sún mọ́ ọn."

Mo gbé àga mi sí ojú ọ̀nà gan-an, ìdajì mi wà nínú ilé, ìdajì mi wà níta. Lọ́jọ́ yẹn, ohun tí a ṣe kò ju pé kí n fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, kí n sọ ohun tí mò ń gbọ́. Mo gbọ́ ewúrẹ́. Mo gbọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gún búlọ́ọ̀kù lódìkejì títì. Mo gbọ́ obìnrin kan tó ń pe ọmọ rẹ̀ wá jẹun. Ó ní kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbàkúùgbà tí àyà mi bá fẹ́ fún. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń padà sílé, mo ń kọrin lẹ́yìn ọ̀kadà, ẹni tó gbé mi sì ń bi mí bóyá wọ́n fún mi ní nǹkan mu.

Nígbà tí mo padà lọ, mo sọ fún un pé, "Ọkàn kan ń sọ fún mi pé kí n wọ ọkọ̀, kí ni mò ń bẹ̀rù? Ọkàn kan sì ní láéláé."

Ó pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. "Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn!"

"Iṣẹ́ wo, mà?"

"Èyí tí mo ka ìwé ńlá ńlá nítorí rẹ̀. Yorùbá ti ń sọ ọ́ lójoojúmọ́: ọkàn kan ní báyìí, ọkàn kan ní báyìí. Kò sí ọ̀tá yín nínú wọn o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti èyí tó ní láéláé. Níbo ló wà lára yín?"

Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pajú dé, mo mọ ibi tó wà. Àyà mi ni, ní àárín gbùngbùn. Ó jókòó bí mẹ́gáàdì lẹ́nu géètì, ó di igi mú, ojú rẹ̀ pọ́n, kò tíì sùn láti ọjọ́ tí ọkọ̀ dànù.

"Ẹ kí i," ni ó wí.

"Kí n kí i?"

"Ṣé ẹ kì í kí mẹ́gáàdì ilé-ìwé yín ni?"

Nínú ọkàn mi, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìṣọ́ mi." Ẹ gbà mí gbọ́, ohun tó fún àyà mi pọ̀ láti ìgbà yẹn tú bí ìgbà tí a bá tú gèlè tó le lórí. Mo la ojú mi, mo pariwo, "Ó gbọ́! Ó gbọ́!" Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, èmi náà ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú mi. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń bá ẹ̀rù mi jà, tí mò ń pè é ní ẹ̀mí burúkú, ní òmùgọ̀, kò sí ẹni tó kí i kú iṣẹ́ rí.

Ó ní kí n bi mẹ́gáàdì náà: bó bá lọ sinmi, kí ló ń bẹ̀rù pé ó máa ṣẹlẹ̀? Ìdáhùn tó wá yà mí lẹ́nu. Ó ní, "Wọ́n á tún ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ náà."

Ọmọ wo? Kò sí ọmọ kankan nínú bọ́ọ̀sì Ifẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, àká àgbàdo bàbá mi ní Ìrókò yọ sí mi. Mo kéré, mi ò tíì wọ ilé-ìwé. À ń ṣeré bojúbojú, mo sá pamọ́ sínú àká. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi igi há a, ó gba oko lọ. Inú àká ṣókùnkùn, eruku háríhá àgbàdo wọ̀ mí nímú. Mo ké títí ohùn mi fi há. Oòrùn ti ń wọ̀ kí bàbá mi tó ṣí i. Mo funfun bí ẹni tó yí nínú èlùbọ́, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín sí mi. Ìtàn ẹ̀rín ni wọ́n fi ń pa nílé wa láti ìgbà náà. Èmi fúnra mi máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Obìnrin náà gbọ́ ọ tán. Ó bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Ọmọ yẹn ńkọ́? Ṣé òun náà rẹ́rìn-ín?"

Kò kán mi lójú. A lo ọ̀pọ̀ ìpàdé lórí rẹ̀. Nígbà mìíràn, á máa gbé ìka ọwọ́ rẹ̀ lọ sọ́tùn-ún sósì, èmi á máa fi ojú tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó ń dẹ́rù bà mí á máa kọjá lọ níwájú mi bí ohun tí à ń wò láti ojú fèrèsé. Nígbà tó yá, ó ní kí n tọrọ àyè lọ́wọ́ mẹ́gáàdì kí n lè wọlé tọ ọmọ náà lọ. Mo tọrọ, ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èmi àgbàlagbà yìí ṣí ilẹ̀kùn àká, oòrùn wọlé, mo jókòó ti ọmọ náà lórí àgbàdo. Mo rò pé ẹkún ló máa bú sí. Ó kàn bi mí bóyá wọ́n ti rí òun ni, àbí òun ló borí nínú eré náà. Mo ní òun ló borí. Ó gun ẹ̀yìn mi, a jáde.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ayọ̀ ọjọ́ náà fún ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. Mo sáré láti ilé obìnrin náà dé ibi tí àwọn ọlọ́kadà wà. Èmi, tíṣà àgbà, mo sáré.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a bọ́ sídìí mọ́tò. Mọ́tò tirẹ̀ wà lábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà. A kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀ pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, a ń jẹ ẹ̀pà. Nígbà tó ṣe, ó rọra fa ilẹ̀kùn mọ́ra díẹ̀. Bí àyà mi bá lọ sókè, a dúró, mo kí mẹ́gáàdì mi, mo fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀. Lọ́jọ́ kan ni mo na ọwọ́, mo sì ti ilẹ̀kùn náà fúnra mi. Mo ṣí i. Mo tún tì í. Ẹnu ń yà mí, mo ń ṣí i, mo ń tì í, gbà, gbà, gbà, títí aládùúgbò kan fi yọrí lórí ògiri pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ilẹ̀kùn yẹn bàjẹ́ ni? Mo mọ atúnmọ́tòṣe kan o."

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi gé okùn ara mọ́tò wa. Ó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ fún ìrántí, mo ní kó fi so ewúrẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan tí a wà ní họlidé ni mo pinnu láti lọ kí ìyá mi ní Ìrókò. Ọkọ mi ní òun á bá mi lọ, mo ní rárá. Ó fi mọ́tò gbé mi dé gáréèjì Mọ́níyà, ilẹ̀kùn wa pa dé pinpin, ó sì dúró ń wò mí bí ẹni tó mú ọmọ wá sí ilé-ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo jókòó láàárín. Obìnrin kan tó gbé adìyẹ sínú apẹ̀rẹ̀ jókòó tì mí. Kọ̀ńdọ́ gbá ilẹ̀kùn, gbàgà!

Mẹ́gáàdì dìde. Mo gbọ́ ọ nígbà tó dìde. Mo ní, ẹ kú iṣẹ́, mo ti rí i, èmi ni mo wà níbí lónìí. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọkọ̀. Mo gbọ́ adìyẹ. Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Àyà mi lù, ó lù, kò fún. Ọkọ̀ gbéra.

Mi ò lè pa á mọ́ra. Mo dojú kọ obìnrin aládìyẹ, mo ní, "Ilẹ̀kùn ti pa dé!"

Ó wò mí. "Ẹ̀ẹ́n, ó ti pa dé. Ṣé ẹ fẹ́ kó wà ní ṣíṣí ni?"

"Rárá o! Ẹ jẹ́ kó pa dé bẹ́ẹ̀!"

Ẹ̀rín gbé mi títí dé Ìrókò. Oko ẹ̀gẹ́ ń kọjá, oko àgbàdo ń kọjá, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn wọ́n nítorí tèmi.

Ìyá mi jókòó nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Ó wo ẹ̀yìn mi bóyá ó máa rí ọlọ́kadà.

"Ta ló gbé ọ wá?"

"Bọ́ọ̀sì ni, Ìyá."

Ó gbé igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní, "Alihamudulilahi!" Gbogbo agbo ilé gbọ́ ọ. Ó ní kí n yí po kí òun wò mí. Nígbà tí a jẹun tán, mo bi í nípa àká.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀gúsí. "Ṣé o rántí ìyẹn? Ṣé o rántí pé o ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn rẹ̀?"

"Wọn ò sọ ìyẹn fún mi rí. Ẹ̀rín nìkan ni wọ́n máa ń rín."

"Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà rẹ sunkún débi pé ó ní kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn àká kúrò. O ti dàgbà ju ẹni tí à ń pọ̀n lọ, ṣùgbọ́n mo pọ̀n ọ́. Mo pọ̀n ọ́ lọ oko, mo pọ̀n ọ́ bọ̀, títí o fi tún la ẹnu."

Mo gbé orí mi lé e léjìká. Mo sọ gbogbo ohun tí èmi àti obìnrin Adégbayì ti ṣe fún un: mẹ́gáàdì, ọmọ inú àká, ilẹ̀kùn tí mo ń gbá lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ń gbọ́, ó ń mi orí, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ ẹ̀gúsí rẹ̀ padà.

"Obìnrin yẹn," ó wí láìwojú mi, "ṣé ó máa ń gba arúgbó?"

"Ìyá?"

"Ọmọ kan wà ṣáájú rẹ, kò dúró. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sunkún, kí òmíràn lè tètè wá. Mi ò sì sunkún. Ìwọ wá, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn kan wà nínú mi tí kò tíì kúrò níbẹ̀."

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, a jókòó pẹ́, èèpo ẹ̀gúsí sì lẹ̀ mọ́ ìka wa méjèèjì. Mo pe obìnrin Adégbayì náà lójú rẹ̀. Ìyá mi tún gèlè rẹ̀ ṣe kó tó gba fóònù lọ́wọ́ mi. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n kí ilé, wọ́n kí òjò, lẹ́yìn náà ni ìyá mi dìde, ó gbé fóònù lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì jẹ́ kó máa lọ.

Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ rin, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó wọ yàrá, ó ṣí àpótí aṣọ rẹ̀, ó ń bi mí látinú ilé bóyá máńgòrò ṣì wà lórí igi ní Adégbayì lásìkò yìí, àti bóyá léèsì aláwọ̀ ewé ni kí òun wọ̀ ni, àbí àǹkárá tuntun, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí obìnrin náà ní ká jọ wá.